Bí Ọkọ̀ Ṣe Ń Dé sí Oríta Lákòwé

Ní òwúrọ̀, tí mo bá ń múra iṣẹ́, mo máa ń gbọ́ tí màmá mi ń pariwo lórí fóònù níwájú géètì wa. "Mo ti jáde o! Ṣé ẹ rí mi?" Ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ ò jìnnà rárá. Òdìkejì títì ni ìyá àgbà kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn wà, lórí àga níwájú ilé wọn, tí wọ́n gbé fóònù tiwọn náà létí. Títì ńlá tó ti Lẹ́kí lọ sí Ẹ̀pẹ́ ló là wọ́n láàárín. Màmá mi á bọ́ gèlè orí wọn, wọ́n á máa jù ú síwá sẹ́yìn, títí ìyá yẹn á fi sọ pé, "Hẹn-ẹn, mo ti rí ọ. Aṣọ pupa lo wọ̀." Ó ṣeé ṣe kí aṣọ náà jẹ́ búlúù. Ojú ìyá yẹn ò ríran dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n màmá mi kì í já wọn níyàn.

Ìkìrun ni màmá mi ti wá. Lẹ́yìn tí bàbá mi kú, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ mi. Wọ́n gbà, àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ le fún wọn. Wọn ò mọ ẹnikẹ́ni. Àwọn aládùúgbò wa máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ilẹ̀ á ti ṣú kí wọ́n tó wọlé. Ilé-ìwòsàn kékeré tó wà ní Lákòwé ni wọ́n ti pàdé ìyá yìí, níbi tí àwọn méjèèjì jókòó sí, tí wọ́n ń retí kí wọ́n wo ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn. Ọmọ bíbí Lákòwé ni ìyá náà, Ìjẹ̀bú etí omi ni wọ́n ń sọ. Màmá mi ní lọ́jọ́ yẹn, ìdajì ọ̀rọ̀ ara wọn ni wọ́n gbọ́, wọ́n sì fi ẹ̀rín dí ìdajì tó kù.

Láti ìgbà náà, tí mo bá ti lọ síbi iṣẹ́, màmá mi á sọdá. Wọ́n á jọ máa ṣẹ́ ẹ̀gúsí, rédíò á máa sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ṣọ́ọ̀ṣì ni ìyá òdìkejì ń lọ, màmá mi sì ń kírun; tí àkókò ìrun bá tó, ìyá òdìkejì ló máa ń bu omi àlùwàlá wá fún wọn. Ara màmá mi tún wá yá gágá. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi pé mi ò jẹun tó.

Ìgbà tí orúnkún ọ̀tún wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wú ni nǹkan yí padà. Dókítà fún wọn ní ọ̀pá. Iná tó ń darí ọkọ̀ ti wà ní oríta iwájú ilé wa nígbà yẹn, ó ṣì tuntun, iná kékeré kan sì wà lára rẹ̀ fún àwọn ẹlẹ́sẹ̀, tí àwòrán ẹni tó ń rìn máa ń yọ nínú rẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, àwòrán náà yọ, màmá mi gbé ọ̀pá síwájú, wọ́n ń lọ. Wọn ò tíì ju ìdajì ọ̀nà lọ tí àwòrán náà fi kú. Típà kan tó kó iyanrìn fọn fèrè mọ́ wọn. Màmá mi rọ̀ mọ́ kọnkéré tó pín títì sí méjì, ọkọ̀ ń kọjá níwájú, ọkọ̀ ń kọjá lẹ́yìn, aṣọ wọn ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ọkùnrin birikìlà kan ló na ọwọ́ dá àwọn ọkọ̀ dúró, tó sì mú wọn padà wá sílé.

Nígbà tí mo dé, wọ́n jókòó sí pálọ̀, wọn ò tan tẹlifíṣọ̀n.

"Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ iná ojú títì lo sọ pé ò ń ṣe?" wọ́n bi mí.

"Òun ni, Màmá. Àmọ́ àwa kọ́ la gbé ìyẹn síbẹ̀."

"Ta ló wá máa tún un ṣe?"

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń fi fóònù kí ọ̀rẹ́ wọn láti ìwájú géètì. Ìyá òdìkejì náà ò lè sọdá wá, torí ojú wọn.

Kò pẹ́ sígbà náà tí àwọn tó ń bójú tó títì gbé iṣẹ́ wá fún ilé-iṣẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní kí a wo àwọn iná tó wà láti Awóyayà dé Lákòwé, kí a sọ bó ṣe yẹ kí wọ́n máa tàn. Nígbà tí ọ̀gá mi kà á jáde pé oríta iwájú ilé wa wà nínú rẹ̀, mo ní kí wọ́n tún un kà.

Ọ́fíìsì wa wà ní Ìkátẹ̀, lókè ilé kan tí àwọn káfíńtà ti ń ṣe àga nísàlẹ̀. Ìró ayùn la fi ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́. Àwa mẹ́ta la wà lẹ́nu iṣẹ́ náà: ọ̀gá wa, ọkùnrin Èkìtì kan tí kì í gbé ohùn sókè, alábàáṣiṣẹ́ mi, ọmọ Oǹdó, tí kì í yé dápàárá, àti èmi. Iṣẹ́ wa ni láti kọ́ títì náà sínú kọ̀ǹpútà kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ti òde. Títì á tẹ́ sójú ẹ̀rọ, ọkọ̀ á máa rìn lórí rẹ̀ bí èèrà aláwọ̀ oríṣiríṣi, wọ́n á dúró tí iná bá pọ́n, wọ́n á lọ tó bá di àwọ̀ ewé. A lè yí iná padà títí ó fi máa sú wa, láìdá ẹnikẹ́ni dúró lójú ọ̀nà.

Alábàáṣiṣẹ́ mi ló ń ṣètò iná. Èmi ni mò ń ṣètò bí ọkọ̀ ṣe ń dé. Kámẹ́rà ti kà wọ́n fún wa, a mọ bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Ohun tó kù ni kí n sọ fún kọ̀ǹpútà bí yóò ṣe máa tú wọn jáde. Bí gbogbo ènìyàn ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀: ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan á dé nígbà tó bá wù ú, èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò mọ èyí tó ti lọ, bí òjò ṣe máa ń kán tó-tó-tó sórí páànù kó tó rọ̀. Nígbà mìíràn méjì á tẹ̀lé ara wọn, nígbà mìíràn ojú títì á dá díẹ̀.

Mo bẹ alábàáṣiṣẹ́ mi pé kó fi kún àkókò àwọn ẹlẹ́sẹ̀. Mi ò sọ ti màmá mi fún un. Mo rò ó pé á ní mò ń fi iṣẹ́ gbogbo ènìyàn tún ilé ara mi ṣe. Ó fi kún un, a jẹ́ kí títì náà ṣiṣẹ́, àwa méjèèjì sì jọ ń wo bí ìlà ọkọ̀ ṣe ń gùn. Ó kọjá ilé epo. Ó gùn dé ibi tí oríta tó ṣíwájú, lọ́nà Awóyayà, wà. Lóde, ì bá ti dí i pa.

Ọ̀gá wa dúró lẹ́yìn wa, wọ́n ń wò ó. "A ò lè gbé eléyìí lọ bá wọn," ni wọ́n sọ. "Wọ́n á ní ká tún dín ti àwọn ẹlẹ́sẹ̀ kù sí i ni."

A yí i síwájú, a yí i sẹ́yìn. Bí a bá fún àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ní àyè, ọkọ̀ á kún. Bí a bá fún ọkọ̀ láyè, kò sí arúgbó kan tó lè sọdá. Ó wá di ìjà.

"Ọkọ̀ ẹ ló ń dà mí láàmú," alábàáṣiṣẹ́ mi sọ. "Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń dé. Wọn ò jẹ́ kí iná mi mí."

"Iná ẹ ni kò mọ ìgbà tó yẹ kó tàn."

"Ṣé kí n máa tan iná fún ẹlẹ́sẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ ni? Kí ló tiẹ̀ dé tí o gbé ọ̀rọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ karí báyìí?"

"Màmá mi ò lè sọdá títì yẹn mọ́!"

Mi ò mọ̀ pé mo ti pariwo tó bẹ́ẹ̀. Omijé ti dé ojú mi. Ó wò mí, kò rí àpárá kankan dá. Ó rọra bi mí pé, "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?" Mo wá sọ gbogbo rẹ̀: orúnkún, típà, kọnkéré, fóònù tí wọ́n ń pè níwájú géètì. Ọ̀gá wa ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán.

"Ẹ dìde," ni wọ́n sọ. "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ lọ dúró sójú títì yẹn. Ẹ má gbé kọ̀ǹpútà kankan dání. Ẹ kàn lọ wò ó."

Ilé gíga kan tí wọn ò tíì kọ́ tán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ oríta náà. Púpọ̀ nínú àwọn birikìlà tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọmọ Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́ ni wọ́n. Nígbà tí fọ́máànù wọn gbọ́ pé Ìkìrun ni mo ti wá, ó ní ará ilé ni mí, kí a máa gòkè, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fún alábàáṣiṣẹ́ mi kéré, ó jókòó sórí rẹ̀ bí ife. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a jọ rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Oòrùn ọ̀sán mú. Láti òkè yẹn, a rí títì náà lọ títí, a rí òrùlé ilé Lákòwé, a rí koríko pápá gọ́ọ̀fù tó tutù yọ̀yọ̀ lẹ́yìn wọn. Alábàáṣiṣẹ́ mi ń wo iná. Èmi ń wo apá Awóyayà, níbi tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ti ń bọ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé kò sí ọkọ̀. Títì náà ṣófo. Mo rò pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ lọ́nà Awóyayà. Nísàlẹ̀ wa, iná àwọ̀ ewé ń tàn fún ọkọ̀ tí kò sí, àwọn ènìyàn sì dúró sẹ́bàá ọ̀nà nínú oòrùn, wọ́n ń retí iná ẹlẹ́sẹ̀. Obìnrin kan tó pọn ọmọ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó pòṣé, ó sì sáré kọjá. Lẹ́yìn náà ni mo rí wọn. Gbogbo wọn ló jọ ń bọ̀. Tírélà kan ló ṣíwájú, àwọn bọ́ọ̀sì kékeré kọ́rópe ń já gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, jíìpù àti kẹ̀kẹ́ Márúwá tẹ̀lé e, wọ́n wọ́ tẹ̀lé ara wọn bí àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ oríta wa báyìí, iná pọ́n. Gbogbo wọn tẹ bíréèkì.

"Dúró ná," alábàáṣiṣẹ́ mi sọ. "Níbo ni wọ́n ti kó ara wọn jọ báyẹn?"

Mo nawọ́ sí oríta tó ṣíwájú. "Iná tọ̀hún ló dá wọn dúró. Òun náà ló tú wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà."

A dúró kí a tún rí i. Títì tún ṣófo. Wọ́n tún dé lọ́wọ̀ọ́wọ́. Iná wa tún pọ́n mọ́ wọn lójú. Ohun tí a ò fi sínú kọ̀ǹpútà wá hàn kedere sí wa. A ti gé títì náà ní ẹ̀yìn oríta wa bí ẹni gé okùn, a wá ń da ọkọ̀ sí i ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé kò sí iná kankan tí wọ́n ti kọjá rí. Iná tó wà lọ́hùn-ún ló ń pinnu bí ọkọ̀ ṣe máa dé síbí.

"Kì í ṣe ẹ̀bi ọkọ̀ ẹ nígbà náà," ó sọ.

"Kì í sì í ṣe iná ẹ."

Ṣùgbọ́n àyè òfìfo yẹn ni mo tẹjú mọ́. Àyè tó wà láàárín ọ̀wọ́ kan àti ọ̀wọ́ kejì gùn. Ẹni tó ń fi ọ̀pá rìn lè sọdá nínú rẹ̀, kó tiẹ̀ dúró mí, kò ní dí awakọ̀ kankan lọ́wọ́. Mo di apá alábàáṣiṣẹ́ mi mú, mo fi hàn án. Ó wò ó títí. Ó ní, "Ibi tí Màmá máa gbà kọjá nìyẹn." Ó ti ń pè wọ́n ní Màmá, kò sì tíì rí wọn rí.

A padà sí Ìkátẹ̀, a so oríta tó ṣíwájú mọ́ tiwa nínú kọ̀ǹpútà. A jẹ́ kí iná tọ̀hún máa dá ọkọ̀ dúró, kó sì máa tú wọn sílẹ̀. A sún àkókò iná tiwa, kí àwọ̀ ewé máa tàn nígbà tí ọ̀wọ́ ọkọ̀ bá ń dé, kí ti àwọn ẹlẹ́sẹ̀ sì bọ́ sínú òfìfo. Mo rò pé a ti bọ́. Ó kùnà. Ọ̀wọ́ ọkọ̀ tó dì mọ́ra lójú ẹ̀rọ wa kì í dì tó bẹ́ẹ̀ lójú títì, torí àwọn kọ́rópe máa ń dúró gbé èrò láàárín ọ̀nà, àwọn tó wà lẹ́yìn wọn á fà sẹ́yìn, ìrù ọ̀wọ́ náà á gùn. Iná wa ń pọ́n mọ́ ìrù náà. A tún padà lọ bá àwọn birikìlà, a tún gun òkè, a wo ibi tí àwọn kọ́rópe ti ń dúró, a sì fi ìyẹn náà sí i.

Nígbà tó yá, ìlà ọkọ̀ náà gùn díẹ̀, ó sì tán. Ó tún gùn díẹ̀, ó tún tán. Ọ̀gá wa ò gbà bẹ́ẹ̀ kíákíá. "Ẹ yí ọjọ́ padà," wọ́n ń sọ. "Ẹ jẹ́ kó jẹ́ Ọjọ́ Ajé. Ẹ jẹ́ kí òjò máa rọ̀. Ẹ jẹ́ kí tírélà kan bàjẹ́ sójú ọ̀nà." Ti tírélà tó bàjẹ́ yẹn da gbogbo nǹkan rú, àmọ́ kò sí iná tó lè wo ìyẹn sàn. Gbogbo èyí tó kù yege. Ọ̀gá wa bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n ní, "Ẹ gbé e lọ."

Níbi ìpàdé tí àwọn tó gbé iṣẹ́ náà wá pè, ọkùnrin kan láti ọ̀kan nínú àwọn ẹ́sítéètì ní àwọn tó ń jáde láti ọ̀nà kékeré á wá máa dúró pẹ́. Ọ̀gá wa ò jiyàn. Wọ́n ní òótọ́ ni, wọ́n á dúró díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn á dé ilé. Ọkùnrin náà wá sọ pé ìyá òun náà ń tọ́jú ara lọ́dọ̀ òun. Wọ́n gbà pé kí a dán an wò.

Ọjọ́ tí wọ́n yí iná náà padà, mo ṣàlàyé fún màmá mi pé ó ti yàtọ̀. Wọ́n ní, "Mo gbọ́," wọ́n sì ń bá iṣẹ́ wọn lọ nínú ilé ìdáná. Mi ò ti wọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn awakọ̀ tó ń jáde láti ẹ̀gbẹ́ ń fọn fèrè, a sì tún sún iná náà díẹ̀ nítorí wọn. Màmá mi ń dúró ní géètì lójoojúmọ́, wọ́n ń wo bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń sọdá. Wọ́n rí bàbá àgbàlagbà kan tó gbé agboòrùn, wọ́n rí obìnrin kan tó ru igi.

Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo jáde sí pálọ̀, mo rí i pé wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti kun àtíkè, wọ́n sì ti wọ bàtà tí kì í yọ̀.

"Ó yá," wọ́n sọ. "Má dì mí mú o. Kàn máa tẹ̀lé mi."

A dúró lójú oríta. Ọ̀wọ́ ọkọ̀ kan kọjá, èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá nínú wọn jẹ́ kẹ̀kẹ́ Márúwá kan. Àwòrán ẹni tó ń rìn yọ. Màmá mi ní, "Bísímílàhì," wọ́n sì gbé ẹsẹ̀. Mo kó ọwọ́ mi méjèèjì sẹ́yìn kí n má bàa dì wọ́n mú. Nígbà tí a dé ibi kọnkéré, wọ́n dúró, wọ́n dì í mú, wọn ò gbé ẹsẹ̀ mọ́.

"Màmá, ẹ wo iná. Ó ṣì wà fún wa."

Wọ́n gbé orí sókè. Wọ́n wo iná, wọ́n wo ọ̀nà Awóyayà tó dá wáí. "Ó ṣì wà lóòótọ́," wọ́n sọ, bí ẹni tí wọ́n fún ní nǹkan tí kò retí. Wọ́n jọ̀wọ́ kọnkéré náà, a ń lọ. A ti tẹ ilẹ̀ òdìkejì tán kí n tó gbọ́ ohùn tírélà lẹ́yìn wa.

Ìyá òdìkejì ti dìde lórí àga. Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì síwájú, torí wọn ò rí wa dáadáa, wọ́n ń bi afẹ́fẹ́ pé, "Ta nì yẹn? Ta ló ń bọ̀ yẹn?"

"Èmi ni," màmá mi sọ. "Ẹ sún, kí n rí ibi jókòó. Orúnkún ń dùn mí."

Wọ́n di ara wọn mú. Èmi yíjú sí ibòmíràn, mo ń díbọ́n pé iná ni mò ń wò. Nígbà tí mo tún wò wọ́n, wọ́n ti ń jiyàn lórí ẹni tó rù jù nínú àwọn méjèèjì.

Títì náà ò di párádísè. Àwọn ìrọ̀lẹ́ kan wà tí ọkọ̀ máa ń pọ̀ ju ohun tí iná kankan lè ṣètò lọ, sún kẹrẹ fà kẹrẹ á sì bẹ̀rẹ̀ láti Àjáh. Ṣùgbọ́n àwọn tó gbé iṣẹ́ wá ti ní kí a bọ́ sí ti oríta Awóyayà báyìí, alábàáṣiṣẹ́ mi sì ti ń wá ilé gíga tí a máa gùn níbẹ̀.

Ní oṣù tó tẹ̀lé e, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ sí ojú ọ̀tún ìyá òdìkejì. Nígbà tí wọ́n ṣí báńdéèjì, wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ilé tí ọ̀rẹ́ àwọn ń gbé. Màmá mi lọ mú wọn wá, àwọn méjèèjì sì sọdá pa pọ̀ ní ọ̀sán gangan. Ìyá náà yí ilé wa po, wọ́n yọjú sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n yíjú sí mi.

"Ilẹ̀ tó dára báyìí, o ò gbin nǹkan kan sí i?"

"Iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí n ráyè, Màmá."

Wọ́n mi orí. Nígbà tí wọ́n tún padà wá, wọ́n gbé igi ewúro dání nínú lailọ́ọ̀nù. Màmá mi ní ẹ̀bá ògiri ló yẹ kí a gbìn ín sí, ìyá òdìkejì ní rárá, oòrùn ò ní dé ibẹ̀. Èmi dúró láàárín wọn pẹ̀lú ọkọ́ lọ́wọ́, mo ń dúró de ẹni tó máa borí.